Ta Ló Kọ Gẹ̀ẹ́sì Sójú Ẹ̀rọ?

Bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Sango-Ọ̀tà lónìí, bóyá lẹ máa fi bá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo níbẹ̀. Máníjà lè jẹ́ ará Íńdíà, kí súpáfáísọ̀ jẹ́ Ìgbò, kí Yorùbá àti Ègùn wà nídìí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló kún ara ògiri. Kí ló mú un dúró látọdún 1960 tí àwọn tó ni ín ti kó ẹrù wọn lọ?

Àwa mẹ́ta tá a jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń sọ pé òyìnbó amúnisìn ló fà á. Ìdáhùn yẹn rọrùn, àfìgbà tí ẹ̀rọ kan tá a kọ ètò fún tẹ ìka ẹnì kan fọ́.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni. Bí ẹ̀rọ náà bá dúró, ètò wa á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n rí i dájú pé kò sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tẹ OK. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, OK nìkan ni bọ̀ọ̀dá tó wà níbẹ̀ mọ̀. Ó rí OK, ó tẹ OK. Ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Máníjà ní kí wọ́n lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ká sọ tòótọ́, ó wu àwa náà ká gbè sẹ́yìn ẹ̀, torí ìyẹn á yọ wá nínú ẹ̀bi. Àmọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Kò sí gómìnà òyìnbó kankan nínú yàrá lọ́jọ́ tá a kọ gbólóhùn yẹn. Ọmọ Yorùbá ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tiẹ̀ wá sí wa lọ́kàn pé ó ṣeé kọ lọ́nà míì.

Spéènì lò ju 300 ọdún lọ ní Philippines. Amẹ́ríkà gba ibẹ̀ ní 1898, wọ́n gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tó sì di 1987, òfin tuntun ibẹ̀ ò ka Sípáníìṣì mọ́ èdè ìjọba mọ́. Ní Equatorial Guinea, tí kò jìnnà sí wa, tó gbòmìnira ní 1968, èdè ìjọba ṣì ni títí dòní. Pípẹ́ tí amúnisìn pẹ́ kọ́ ló ń mú èdè rẹ̀ dúró. Ìjọba àpapọ̀ tiwa fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣe méjèèjì.

Ọ̀kan nínú wa ní ká kúkú fi Yorùbá rọ́pò ẹ̀, Ọ̀tà ṣáà nìlú Àwórì. Ó dùn létí o. Àmọ́ obìnrin Ègùn tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì ńkọ́? Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún bọ̀ọ̀dá yẹn náà la fẹ́ fi Yorùbá ṣe fún un.

Ohùn la padà fi síbẹ̀: Yorùbá, Píjìn àti Ègùn, kí OK tó yọjú. Obìnrin yẹn ló sọ ti Ègùn. Kò séyìí tó gbọ́ ọ nínú wa. A ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì fi í síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.