Gíríìsì Ọwọ́ Kò Gbọdọ̀ Gba Ìrun Lọ́wọ́ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un tí Ó fi Ìsìláámù ṣe wá lóore. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di Ọjọ́ Àjíǹde.



Ìdí ẹsẹ̀ ọ̀kadà ni a ti rí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú oṣù yìí. Ní ọjọ́ kan, a gbé ọ̀kadà tí a fi ń lọ sí ilé-kéú lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ iṣẹ́ kan bu omi dà sí ríìmù rẹ̀, omi náà yí dànù bí ìgbà tí a dà á sórí ewé kókò. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní omi nìkan kò ran irú èyí.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ọ́ìlì tí a ń kán sí ṣéènì kí ó má baà dípẹtà, òun náà ni ó ń ta sí ríìmù. Bí a bá kán an jù, tí a kò sì nu àṣẹ́kù rẹ̀, bí ṣéènì ti ń yí ni yóò máa fọ́n ọn sára ẹsẹ̀ ọ̀kadà. Eruku ọ̀nà á lẹ̀ mọ́ ọn, ọ́ìlì mìíràn á tún bọ́ lé eruku, títí yóò fi gan mọ́ irin.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ẹni tí ó bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ẹsẹ̀ ọ̀kadà nígbà tí ó ń nù ún, ṣéènì lè gé e ní ìka. Ó rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ó fi pa ríìmù àti ìdí sípóòkù, ó sì fún un ní àsìkò díẹ̀ kí ó rọ̀. Ó ṣọ́ra kí ó má kan bíréèkì, nítorí bíréèkì tí ó bá mu epo kì í mú dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó fi omi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì kúrò kí ó má baà ba rọ́bà táyà jẹ́, ó ṣan án, ó nù ún gbẹ. Ìgbẹ̀yìn ni ó kán ọ́ìlì tuntun díẹ̀ sí ṣéènì, tí ó sì nu àṣẹ́kù.

Bí iṣẹ́ náà ti ń parí ni wọ́n pe ìrun Àyìlà. A ní kí ọmọ iṣẹ́ náà jẹ́ kí á jọ lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí wa, ó ní: "Àfáà, ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wo aṣọ mi. Tí mo bá délé lálẹ́, tí mo wẹ̀, n ó kí gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára, nítorí òun nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọ́. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni òun ń bù fún Ọlọ́hun. Àwa olùkọ́ pàápàá ní ẹ̀bi níbẹ̀. A kọ́ wọn ní ọ̀ranyàn alùwàlá méje nínú ìwé Akhdari, wọ́n há a sórí, ṣùgbọ́n a kò fi ohun tí ó kan ọwọ́ oníṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é nísinsìnyí.

Èkíní, ìdọ̀tí yàtọ̀ sí nàjísì. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ènìyàn, nàjísì ni. Ọ́ìlì, gíríìsì, kẹrosíìnì àti eruku ọ̀nà kì í ṣe nàjísì. Aṣọ iṣẹ́ tí gíríìsì wà lára rẹ̀, bí nàjísì kò bá ti kàn án, ìrun tọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ní èyí tí ó mọ́, kí á pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni ó dára jù. Bí kò bá sí, a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ jẹ́ kí àsìkò ìrun kọjá. Nínú Suratun-Nisaa'i, aaya 103, Ọlọ́hun fi yé wa pé ìrun ní àkókò tí Ó ti là kalẹ̀ fún un.

Èkejì, omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara. Àwọn oríkèé tí a ń fọ̀ wà nínú Suratul-Maa'idah, aaya 6. Gíríìsì tí ó nípọn lójú awọ, tàbí ọ̀dà èékánná àwọn arábìnrin wa, kì í jẹ́ kí omi kọjá. Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Umar ọmọ Khattaab pé ọkùnrin kan ṣe alùwàlá, ó fi ibi tí kò ju èékánná lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ànábì ní kí ó padà lọ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú tí ó kù sí ìlà ọwọ́ lẹ́yìn tí gíríìsì fúnra rẹ̀ ti kúrò, kò ba alùwàlá jẹ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe ọwọ́ yín bí ọ̀gá yẹn ti ṣe ríìmù. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà, lẹ́yìn náà ọṣẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo abẹ́ èékánná, kí ẹ sì fi omi ṣan án. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ mú òórùn kẹrosíìnì kúrò, nítorí Ànábì kò fẹ́ kí ẹni tí ó jẹ áyù sún mọ́ mọsálásí kí òórùn rẹ̀ má baà ni àwọn ẹlòmíràn lára. Ẹ̀yin ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ̀ǹda ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Iṣẹ́ kò ní torí rẹ̀ bàjẹ́.

Ọkàn wa náà dà bí ríìmù yẹn. Suratul-Mutaffifiin, aaya 14, sọ nípa àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn dí ọkàn wọn pa bí ìpẹtà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó ń dí. Ìrun kan tí a sún síwájú lónìí, òmíràn lọ́la, títí ìwáàsù yóò fi máa yí dànù lára wa bí omi lórí ewé kókò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ànábì fi ìrun márààrún wé odò tí ó ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà ẹni, tí ó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ẹni tí ó bá ní òun yóò kọ́kọ́ mọ́ kí òun tó dé odò, níbo ni yóò ti wẹ̀?

Ọmọ náà fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó sì kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́, kí Ó fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má jẹ́ kí iṣẹ́ náà gba ìrun lọ́wọ́ wa. Àmín.