ẸNI TÓ KÙ NÍ LÓDÉBÁRÌ

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: 2 Sámúẹ́lì, orí 9

  

Wọ́n ní kí á kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé ìrántí yìí. Ohun tó wà lọ́kàn wa láti kọ kò dùn mọ́ wa nínú tán, nítorí àwa fúnra wa wà nínú ẹ̀bi rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Mẹfibóṣẹ́tì. Ilé ológun ni wọ́n bí i sí. Sọ́ọ̀lù bàbá bàbá rẹ̀ kú sójú ogun, Jónátánì bàbá rẹ̀ náà kú síbẹ̀. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn dé. Alágbàtọ́ rẹ̀ gbé e sá lọ, ó jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ilé onílé ló wá ń gbé ní Lódébárì, lọ́dọ̀ Mákírì. Ọmọ ọmọ ọba o!

Nígbà tí Dáfídì rántí májẹ̀mú òun àti Jónátánì, ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀: ta ló kù nínú ilé náà? Síbà ló dáhùn, ó sọ bí ọmọ náà ṣe rí àti ibi tó wà. Síbà yìí kì í ṣe ẹni mímọ́ rárá. Ẹni tó bá ka orí 16 yóò rí àrékérekè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló mọ àdírẹ́sì. Akọ̀wé ni wá, a mọ ohun tí à ń sọ: ọ̀pọ̀ oore ló ti bàjẹ́ nítorí kò sẹ́ni tó mọ àdírẹ́sì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà òjò, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìsìn wa. Sójà ni tẹ́lẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1990. Ó tún wà ní Freetown ní oṣù Kìn-ín-ní 1999, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà. Ibẹ̀ ló ti gbọgbẹ́ ní itan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ akérò, mẹ́káníìkì jẹ ẹ́ tán. Ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ. Àìsàn wá dá a dúró sábúlé ní àsìkò tí wọ́n pe àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn pé kí wọ́n yọjú, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láyé. Kò lè lọ, owó oṣù dúró, onílé lé e jáde. Ó sun gáréèjì, ó sun ọjà, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí la ṣe? A ṣe ohun tí Aládùúrà mọ̀ ọ́n ṣe. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ 7 fún un, a fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ríran ríran: wòlíì kan ní ẹ̀mí àwọn tó pa lójú ogun ló ń lé e kiri, nítorí ó máa ń kígbe lóru. Òmíràn ní ọwọ́ ẹbí bàbá rẹ̀ ni. Àwọn alàgbà kan tilẹ̀ ń kùn pé sójà tó jẹgàba lé wa lórí nígbà kan rí, ṣé àwa náà la ó tún máa bọ́ ọ? A dáwó fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tán lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù 8 gbáko! A ò sọ pé àdúrà wa kò gbà o. Ohun tí à ń sọ ni pé nínú gbogbo oṣù 8 yẹn, kò sẹ́ni tó bi ọkùnrin yìí léèrè ìwé rẹ̀.

Ìyá kan ló bi í. Ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba rí, ọ̀rọ̀ fáìlì yé e. Ní Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó tì í.

"Ọmọ mi, ìwé tí wọ́n fún ẹ nígbà tó o kúrò ní sójà dà?"

"Ó ti bá òjò lọ, Màmá."

"Nọ́ńbà ẹ ńkọ́?"

A wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gbórí sókè yìí dìde, ó na ẹ̀yìn, ó fi gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, ó ka nọ́ńbà sójà rẹ̀ jáde láìkọsẹ̀, ó sì fi orúkọ bàtálíọ̀nù rẹ̀ tì í. Màmá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mú un lọ bá àwọn àgbà sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, àwọn tó máa ń yan ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní lọ́dọọdún nítorí àwọn tó kú sógun. (Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé wa parí ní 1970.) Àwọn yẹn mọ̀nà jù wá lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n jẹ́rìí sí i, wọ́n bá a gba ìwé ìbúra ní kóòtù fún ìwé tó sọnù, ọ̀kan nínú wọn sì tẹ̀ lé e dé Àbújá.

Ní ti igbe òru, ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ ló fún un ní lẹ́tà lọ sí Àrò, ní Abẹ́òkúta. Inú bí àwọn kan nínú wa. Ilé wèrè kẹ̀! Ẹni tó bá mọ ìtàn Àrò kò ní bínú. Ní 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n máa bá ènìyàn gbé, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Dókítà sọ fún sójà wa pé ohun tó ń ṣe é ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ogun dé káàkiri ayé, pé ó lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Nígbà tó padà dé, wòlíì tó ríran nípa ẹ̀mí àwọn òkú ló kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Pẹ́ńṣàn ò tètè dé. Ó lé ní ọdún kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, èyí tó jẹ sẹ́yìn kò sì tíì pé títí di bí a ti ń kọ èyí. Onílé ní owó ọdún 2 lòun máa gbà. Ìjọ san ọdún 1, òun náà san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Yàrá kan, fèrèsé kan, lẹ́yìn ọjà.

Ẹ tún orí 9 yẹn kà. Dáfídì kò fi oúnjẹ nìkan parí ẹ̀. Ó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún Mẹfibóṣẹ́tì, ó sì ní kí Síbà, ọmọ rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ rẹ̀ 20 máa ro ó fún un. Ènìyàn 36 nítorí arọ kan! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì san; ẹsẹ Bíbélì tó kẹ́yìn níbẹ̀ ṣì ń pè é ní arọ, lórí tábìlì ọba.

Màmá ti ní tábìlì báyìí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní gbogbo Ọjọ́rú lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn tàbí ìwé tó sọnù, yálà ó jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí kò jẹ́, kó mú nọ́ńbà rẹ̀ wá. Sójà wa ni yóò sì máa darí mọ́tò ní géètì lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ẹ forí jì í bó bá jágbe mọ́ yín. Bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé Ìjọ