Kí Aláǹgbá Má Wọ Ẹnu Nọ́ọ̀tù

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ti nọ́ọ̀tù yàtọ̀ sí ti ògiri, torí ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá dí i pa, ó ti di irin lásán. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfurufú nílé sọ kò ju èyí lọ: bí a ṣe ń pa ẹnu nọ́ọ̀tù dé fún ìgbà díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù epoxy má bàa wọ̀ ọ́, kí a sì tún un ṣí fún bóòtù tó ni ín.

Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ènìyàn láyè láti kan ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀, bí ó bá lè fi hàn pé èyí tó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ ni àwọn tó ń kan án fún ìgbádùn ara wọn ṣe. Burt Rutan wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ náà wọ gáréèjì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Mojave, nínú aṣálẹ̀ California, ó gbé VariEze jáde ní 1975, Long-EZ sì tẹ̀ lé e ní 1979. Kò sí mọ́ọ̀dù ńlá, kò sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ń kan án á gé fóòmù bí apá ọkọ̀ ṣe rí, á tẹ́ aṣọ fáíbà lé e, á fi epoxy rin ín títí á fi gbẹ, tí á sì le. Rutan yìí náà ló ya àwòrán Voyager, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dick, àti Jeana Yeager fi yí ayé po fún ọjọ́ 9 ní oṣù Kejìlá ọdún 1986, láìbalẹ̀, láìra epo lọ́nà. Iṣẹ́ tí epoxy lè ṣe nìyẹn. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti fara kàn ló ń mú, ìbáà jẹ́ ohun tí a fẹ́ kó mú tàbí èyí tí a kò fẹ́.

Ibi tí ọwọ́ kò bá lè dé láti ẹ̀yìn, bí etí ìdérí ẹ́ńjìnì, ni a ti nílò nọ́ọ̀tù elétí méjì. A ó fi ríbẹ́ẹ̀tì kan etí méjèèjì mọ́ páànù kékeré kan, a ó wá fi flox lẹ páànù náà mọ́ fáíbà. Òwú tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ epoxy títí ó fi ki bí àmàlà tó rọ̀, ni flox. Ẹni tó bá rí i á rò pé ohun tó ki tó báyìí kò lè ṣàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tù, òwú á dúró síta, omi epoxy á sun jáde lára rẹ̀, á sì máa yọ́ gba àárín tírẹ́ẹ̀dì wọlé, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Bí ooru bá mú, á tún ṣàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dì.

Gáréèjì ẹ̀gbọ́n mi kan ní Texas ni mo ti kọ́ ọ. Nọ́ọ̀tù méjìlá ló ní kí n bá òun lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Mo ti po epoxy tán kí n tó rántí pé n kò fi nǹkan kan pa ẹnu wọn dé. Epoxy tí a bá ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ife tí mo fi pò ó ti ń gbóná sí mi lọ́wọ́. Ni mo bá ń sáré. Mo ki ìka bọ gíríìsì, mo fi pa bóòtù, mo yí i wọlé, ìka kan náà ni mo sì fi tẹ flox. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, bóòtù mẹ́sàn-án yọ, méjì kọ̀ jálẹ̀. Èyí tó kù ló dun ẹ̀gbọ́n mi jù: bí mo ṣe ń yí bóòtù rẹ̀, nọ́ọ̀tù àti páànù ṣí kúrò lára fáíbà pọ̀. Gíríìsì ìka mi ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò pariwo mọ́ mi. Mo ti mú irin tí wọ́n fi ń la tírẹ́ẹ̀dì, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi.

“Fi sílẹ̀. Bí o bá fi là á, epoxy á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tù yẹn ò ní di bóòtù mú mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ ló kàn wà níbẹ̀.”

“Gbà. Fi ọwọ́ yí bóòtù sínú èyí.”

Nọ́ọ̀tù tuntun ló fún mi. Bóòtù wọlé wẹ́rẹ́, ó yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dúró gbagidi. Ìka mi kò ràn án mọ́. Ó ní kí n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí n wo ẹnu rẹ̀ lókè. Kò rí roboto. Wọ́n ti fún un díẹ̀, ó rí gbọọrọ bí ẹyin. Ibi tí wọ́n fún yẹn ló ń di bóòtù mú kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì má bàa tú u, ibẹ̀ náà ni irin tí wọ́n fi ń la tírẹ́ẹ̀dì máa ń jẹ kúrò. Ẹ̀yìn ni pọ̀rọ̀pẹ́là Long-EZ sì wà. Bóòtù tó bá já bọ́ lára ìdérí ẹ́ńjìnì rẹ̀, ọ̀nà pọ̀rọ̀pẹ́là ló ń gbà lọ.

Bí a bá sì fi epoxy sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Sípánà tó ń ka agbára á máa tàn wá jẹ. Láàárín 20 sí 25 inch-pound ni wọ́n ń fún bóòtù tí wọ́n ń pè ní AN3 mọ. Bí èérún epoxy bá wà nínú tírẹ́ẹ̀dì, òun ló máa jẹ agbára yẹn. Sípánà á ní ó ti tó, nígbà tí bóòtù kò tíì fún ohun tó yẹ kó fún.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí a tó ṣí agolo epoxy rárá ni ẹ̀sọ̀ iṣẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ parí. Ojú páànù tí gọ́ọ̀mù máa mú ni kí a kọ́kọ́ fi sáńpépà họ, kí a fi acetone nù ún, kí ọwọ́ má sì kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a mú bóòtù àlòkù, èyí tí kò ní bá ọkọ̀ fò, kí a fi ìda tàbí gíríìsì díẹ̀ pa tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí a yí i títí ṣóńṣó rẹ̀ á fi yọ lẹ́yìn. Èyí tó bá sun sí ẹnu nọ́ọ̀tù, nínù ni. Amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré la fi ń bo ṣóńṣó tó yọ lẹ́yìn yẹn, kí flox má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn kan ń lo silicone. Èmi kò fẹ́ rí i níbi tí epoxy wà, torí ibi tó bá ti fara kàn, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kì í fẹ́ mú un mọ́. Ìbọ̀wọ́ tó bá ti kan gíríìsì, kí a bọ́ ọ sọnù, kí a wọ òmíràn. Ìgbà yìí ló tó kan epoxy pípò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí epoxy tó le pátápátá, á kọ́kọ́ dà bíi rọ́bà, bí èékánná bá tẹ̀ ẹ́, àmì á hàn. Ìgbà náà ni kí a yí bóòtù síwájú díẹ̀, kí a dá a padà. Ẹni tó bá lọ sùn láìṣe èyí, sípánà ló máa bá a jà láàárọ̀.

Nọ́ọ̀tù mẹ́ta tí mo bà jẹ́ gba gbogbo ọjọ́ Sátidé náà lọ́wọ́ wa. A fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí méjì, a họ gíríìsì kúrò lábẹ́ ẹ̀kẹta títí fáíbà tó mọ́ fi yọ, a sì tún wọn lẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a gbé ìdérí lé ẹ́ńjìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tíì mú sípánà, kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yí méjèèjìlá. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́, níbi tí ọwọ́ mi ti retí rẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti dúró gbagidi.