Ṣé Jíjókòó Nìkan Ni Ààbò Àgbà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa àgbà máa ń jiyàn lé lórí, tí kò tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà wọlé ní ọdún 2020, ǹjẹ́ ó tọ́ kí àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa rìn láràárọ̀, tàbí ojúṣe rẹ̀ ni kó jókòó sílé títí àrùn náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀?

Kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún àwa ará Mowe, Ibafo àti Ifo. Ewekoro, tó múlé ti Ifo, ni àlejò ará Ítálì tí a kọ́kọ́ rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wá, ní ìparí oṣù Kejì ọdún yẹn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn dókítà sọ pé àgbà àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni àrùn náà ń ṣe léṣe jù. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ wa, wọn kò sì jẹ̀bi. "Màmá, ẹ má yọjú síta o!" ni wọ́n ń pariwo lórí fóònù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fura sí ni pé ìrìn wa kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀. A kì í sọ pé eré ìdárayá là ń ṣe. Ọjà là ń lọ, ìpàdé là ń lọ, a ń lọ kí abiyamọ, a ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọ ọkọ̀ létí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí òde sì dá, ìrìn náà bá wọn lọ láìdágbére.

Bí ìyá àgbà bá wá jáde láàárọ̀, aládùúgbò á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ibo lẹ ń lọ?" Ta ni nínú wa tí kò ní tijú láti dáhùn pé, "N kò lọ síbì kankan"? Obìnrin tó lè rin máìlì méjì nítorí ọmọ ọlọ́mọ kò gbà pé ara òun náà tó ìdí láti rin ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ara náà bá dẹnu kọlẹ̀, àwọn ọmọ kan náà ni yóò gbé e.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kò gba ìsinmi nítorí Kòrónà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ mú ara gbóná, wọn kò sì yọ ẹlẹ́jẹ̀ ríru sílẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ márùn-ún. Ìrìn tó dára ni èyí tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin. Kò dípò oògùn o.

Ẹnì kan lè ní òfin ṣáà ni òfin, àti pé ẹni tó gbé àrùn wọ ilé ẹlòmíràn nítorí ìlera tirẹ̀ ti ṣẹ̀. Òótọ́ ni. (Àwọn kan fi ẹ̀jẹ̀ ríru bojú lọ sí òde ìnáwó lásìkò náà, a mọ̀ wọ́n.) Ṣùgbọ́n ìpàdé ni wọ́n fẹ́ dènà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹni tó ní àgbàlá lè yí i po. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí sítóòfù àti garawa kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ náà le fún, a kò sì rí ìdáhùn fún un ju kó máa gbẹ́sẹ̀ sókè sódò nídìí ibùsùn.

Àwọn ọmọ wa ń béèrè pé, "Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn?" Ó dára. A fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un: "Ṣé ẹ ti rìn?" Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ náà kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí, síbẹ̀ àwọn kan nínú wa kò tíì dìde lórí àga tí ọdún 2020 fi wọ́n sí.

Arábìnrin kan ní Ibafo yí ilé rẹ̀ po nígbà ogún láràárọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ kà á. Àwọn ọmọ ilé kejì gun orí ìgànná, wọ́n ń bá a kà á. Wọ́n ti dàgbà báyìí, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ kó tó jáde, wọ́n ṣì máa ń béèrè rẹ̀.