Orí Méjì Lójú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ìbéèrè kan wà tí àwọn babaláwo ìdí ọpọ́n, àwọn àáfà inú mọ́ṣáláṣí àti àwọn oníwàásù orí àga ń dáhùn ní ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: nígbà tí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ ara wọn, tí a ti gbé ìyàwó wálé, tí a ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹbí ọ̀tún àti tòsì sì ti súre tán, ṣé orí àwọn méjèèjì di ọ̀kan ni, àbí olúkúlùkù ṣì ń bá tirẹ̀ lọ? Ọ̀ràn náà kì í ṣe eré ẹnu lásán, nítorí bí ọjà ọkọ bá wó, orí ìyàwó ni a kọ́kọ́ ń bi. Bí ọkọ bá sì là, a ó ní ẹsẹ̀ tí ìyàwó fi wọlé ni ó dára. Ní Èbúté Mẹ́ta níbi tí mo ń gbé, ní Èkó Àròmisálẹ̀gbẹ́lẹ̀gbẹ́ yìí, a kò ṣàjèjì sí àríyànjiyàn orí àti ìpín. Àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá tí a lé kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867 sá wá síbẹ̀, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Josiah Akíndáyọ̀mi ti dá ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní 1952. Síbẹ̀, onísìn yòówù tí àwọn onílé ìbáà jẹ́, bí gbèsè bá wọlé, ẹjọ́ kan náà ni a ń gbọ́ láti inú yàrá: "Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti dé ni."

Ìtàn inú Ifá kò ṣe bojúbojú lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Oríṣeékú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà Ẹlẹ́rìí Ìpín, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn yóò jọ ti ọ̀run wá sí ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà já sí ilé Àjàlá alámọ̀ tí ń mọ orí, ajigbèsè tí í sá pamọ́ sí òkè àjà fún àwọn olówó rẹ̀, ọ̀rẹ́ kò lè bá ọ̀rẹ́ mú orí. Àwọn méjì tí wọ́n kánjú wọlé mú èyí tí ó wù wọ́n lójú, tí kò sì jiná. Afùwàpẹ́, tí ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí ó sì rúbọ, ni ó mú èyí tí ó yè kooro. Nígbà tí òjò pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ọ̀nà ayé, orí méjì ṣá, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó gba òjò dúró. Òjò kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ọ̀rẹ́ kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá dé ayé kò dọ́gba. E. Bọ́lájí Ìdòwú pàápàá, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, nínú ìwé tí ó kọ nípa Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, ka orí sí ẹni inú lọ́hùn-ún tí ń darí ènìyàn. Ìkúnlẹ̀ tí a kúnlẹ̀ yàn án, kò sí ẹni tí ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí ilé Àjàlá.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé bí orí kan bá sunwọ̀n, a máa ran igba? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ire ẹnìkan ta sí ẹlòmíràn lára, ọ̀tọ̀ ni kí ìpín ẹnìkan di ti ẹlòmíràn. A kò gbọ́ ọ rí pé a bọ orí aya kí ọkọ má bọ tirẹ̀ mọ́; obì ọkọ lọ́tọ̀, obì aya lọ́tọ̀. Mùsùlùmí gbà pé kàdárà olúkúlùkù ni a kọ fún un. Onígbàgbọ́ gbà pé ní ọjọ́ ìdájọ́, ọkọ kò ní ro ẹjọ́ aya. Bí àlùfáà bá sì dúró níwájú pẹpẹ tí ó ní tọkọtaya ti di ara kan, ara ni ó dárúkọ, kò dárúkọ ọkàn tí yóò jíhìn.

Bí orí kò bá wá lè di ọ̀kan, kí ni ìgbéyàwó so pọ̀? Tọkọtaya kan wà ní àdúgbò wa, tí ọkọ jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí aya ń ránṣọ, tí ó jẹ́ pé bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn a gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìdájí Sátidé, olúkúlùkù lórí tirẹ̀, wọn a gba Ìjọrà àti Orílẹ̀ kọjá, wọn a la Mile 2 àti Ọ̀jọ́ já, wọn a sì forí lé Àgbádárìgì, ìrìn nǹkan bí 60 kìlómítà, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì padà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Títí dé Òkokomáíkò, eruku àti fèrè ọkọ̀ ni oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjá Àgbárá tí wọ́n ń sún mọ́ Àràdàgún àti Mọ̀wó, igi àgbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn obìnrin á to àgbọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, òórùn iyọ̀ òkun á sì gorí afẹ́fẹ́ wá.

Ní ayé àwọn bàbá wa, orí kárìà ẹ̀yìn ni aya ń jókòó sí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, tí ọkọ ń wà gbogbo wọn lọ. Bí ọkọ bá ṣubú, gbogbo ilé ṣubú. Mo fura pé orí kárìà yẹn ni èrò orí kan fún ẹni méjì ti rí àyè jókòó. Àwọn méjì tí mo ń sọ yìí kò fi àyè gbà á. Bí kẹ̀kẹ́ aya bá fẹ́ dà, ọkọ kò lè ti orí tirẹ̀ dá a dúró. Aya nìkan ni yóò fi ara rẹ̀ wá ìwọ̀n tí kò ní jẹ́ kí ó ṣubú. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí wọ́n lè pín. Atẹ́gùn òkun, tí ń ti ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bọ̀, a máa kọlu ojú ẹni tí ń lọ sí Àgbádárìgì. Ẹni tí ó wà níwájú ni yóò fi àyà gbà á. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, tí táyà iwájú tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn ẹni iwájú, ìtura díẹ̀ yóò dé bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà wọn a máa gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wọn: ọkọ a gbà á fún ìgbà díẹ̀, aya a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ara yá ọkọ, tí ó ń tẹ pẹ́dà kíkankíkan, tí àlàfo sì là sáàárín wọn, aya pè é láti ẹ̀yìn pé, "Olówó orí mi, ẹ rọra. Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì ní ẹ̀yin nìkan, ta ni ẹ fẹ́ sọ fún pé a jọ lọ?" Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó sì fà á rọ̀.

Níhìn-ín ni mo ti rí ìdáhùn. Orí, atètè-níran, kò dá nìkan wà nínú ìmọ̀ Ifá. Wọ́n ní gbogbo orí péjọ nígbà kan, wọ́n gbìmọ̀ títí, wọn kò sì ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n dì já mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé e rìn. Orí ni ìpín, ẹsẹ̀ ni akitiyan. Ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe nìkan ni a sì lè fi bá ẹlòmíràn dá àdéhùn. Èmi kò lè ṣèlérí orí mi fún aya mi, nítorí èmi pàápàá kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè ṣèlérí pé n kò ní sáré fi í sílẹ̀, àti pé bí atẹ́gùn bá le, n ó gba iwájú. Ẹsẹ̀ ni ìgbéyàwó so pọ̀.

Etíkun kan náà ti rí tọkọtaya tí òkìkí wọn ju ti àwọn wọ̀nyí lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther àti aya rẹ̀, Àsánò tí a sọ ní Susan, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. A kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Àsánò náà jẹ́ ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ìlú Sàró ni wọ́n ti mọ ara wọn, tí wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní 1829. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ń retí àwọn míṣọ́nnárì, kú; ogun dí ọ̀nà; wọ́n sì ní láti dúró létí ọ̀sà fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Nígbà tí ọ̀nà là ní 1846 tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, Àjàyí rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí wọ́n ti pínyà láti nǹkan bí ọdún 25. Ire orí Àjàyí ni ìyẹn, kì í ṣe ti Àsánò. Ti Àsánò ni pé nígbà tí ọ̀nà dí, ó bá a dúró, nígbà tí ọ̀nà sì là, ó bá a rìn dé ibẹ̀.

Ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì ni Gbẹ̀rẹ̀fù wà, níbi tí a ti ń kó àwọn tí a tà lẹ́rú sínú ọkọ̀ òkun, láìbi wọ́n bóyá wọ́n ní ọkọ tàbí aya. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé wọ́n kúnlẹ̀ yàn án ni, n kò ní gbà. Ọmọ aráyé ni ó ṣe é fún wọn, owó ni wọ́n sì gbà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ oníṣòwò ẹrú sọ́rùn orí ẹrú, ọmọ ìyá rẹ̀ ni ẹni tí ń fi gbèsè ọkọ sọ́rùn orí ìyàwó: àwọn méjèèjì ń wá ẹni tí kò lè fèsì kí wọ́n lè gba ọwọ́ tí ó hùwà náà sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ, ẹ jẹ́ kí orí ìyàwó sinmi. Bí ọmọ yín bá jẹ gbèsè, ẹ bi í bí ó ṣe ná owó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra àtifẹ́ ara yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ wòlíì, àáfà tàbí babaláwo bí ẹ bá fẹ́, kí wọ́n wo orí yín. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìdána tó pé, ẹ jọ rin ọ̀nà jíjìn kan, kí ẹ sì wo ohun tí ẹnìkejì yín ń ṣe nígbà tí ó bá rẹ̀ yín.