Ìyìn Tí A Fi Sínú Àpò

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù òbí àti olùkọ́ láàárín wa bi ara rẹ̀: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a yin ọmọ ní ojú ara rẹ̀, tàbí ó sàn kí a máa yìn ín lẹ́yìn, kí ó má baà di agbéraga? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi ìwà dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó ronú sí i rárá. Bí ọmọ bá kùnà, kíá ni a ó sọ fún un. Bí ó bá ṣe dáadáa, a ó mi orí díẹ̀, a ó sì ní kí ó lọ gbé ìwé rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa, a ó máa fi ọmọ náà yangàn. Gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ìyìn náà, àfi ẹni tí ó ni ín.

Ìtàn ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé lè là wá lójú nínú ọ̀ràn yìí. Ezra Jack Keats ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. A bí i ní ọdún 1916 ní Brooklyn, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Láti Pólándì ni wọ́n ti ṣí wá, tálákà sì ni wọ́n. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti fẹ́ràn àwòrán yíyà. Ní ọjọ́ kan, ó ya àwòrán kún orí tábìlì ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ó rò pé ìbáwí ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i, ó yìn ín, ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a nù nù. Aṣọ tábìlì tí wọn kì í tẹ́ bí kò ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó mú, ó fi bò ó. Bí aládùúgbò bá sì wọlé, yóò ká aṣọ náà sókè kí wọ́n lè rí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe.

Ti bàbá rẹ̀ yàtọ̀. Benjamin Katz a máa gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan, ó sì mọ àwọn ayàwòrán tí ebi ń pa. Gbogbo ìgbà ni ó ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé òṣì ni yóò bá kú bí ó bá fi àwòrán ṣe iṣẹ́. Síbẹ̀, bàbá kan náà a máa mú ọ̀dà ìyàwòrán bọ̀ wá sílé. Kò jẹ́ gbà pé òun ni òun fi owó òun rà á. Yóò ní ayàwòrán kan tí kò rí jẹ ni ó fi í gba àwo ọbẹ̀ kan lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù kìíní ọdún 1935, ó ku ọjọ́ kan kí ọmọ náà parí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, níbi tí wọn yóò ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ ọnà, ni bàbá ṣubú lójú pópó tí ó sì kú. Ezra ni a pè pé kí ó wá wo òkú náà, kí ó jẹ́rìí bí bàbá rẹ̀ ni. Nínú pọ́ọ̀sì owó olóògbé ni ó ti rí àwọn bébà tí a gé láti inú ìwé ìròyìn, tí wọ́n ti gbó nítorí kíká àti ṣíṣí. Ìròyìn nípa gbogbo ẹ̀bùn tí òun Ezra ti gbà nítorí àwòrán ni ó wà nínú wọn. Bàbá tí ó ń kọ̀ fún un ń gbé ìyìn rẹ̀ kiri nínú àpò láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dá bàbá yìí lẹ́bi. Àkókò tí iṣẹ́ àti owó wọ́n gidigidi ní Amẹ́ríkà ni àkókò náà, ìfẹ́ ni ó sì bí ìbẹ̀rù rẹ̀. Àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: àǹfààní kí ni ìfẹ́ yìí ṣe ọmọ náà nígbà tí ó wà nínú pọ́ọ̀sì? Ọjọ́ tí ọmọ rí i ni ọjọ́ tí kò lè dúpẹ́ mọ́.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọmọ náà pẹ̀lú pa ohun kan mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1940, ó rí fọ́tò mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn Life, ti ọmọkùnrin kékeré kan, aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ojú ọmọ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó gé àwọn fọ́tò náà, ó pa wọ́n mọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ó ń ya àwòrán sínú ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ti jẹ́ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí. Kò ya àwòrán tí ó tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni àléébù wọn.

Ní ọdún 1962 ni ó mú ọmọ náà jáde. Ó kọ ìwé kan, The Snowy Day, ó sì ya àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ̀. Peter ni orúkọ ọmọ inú ìwé náà. Ó wọ aṣọ pupa, ó jáde lọ ṣeré nínú òjò dídì tí ó bo gbogbo ìlú. Kò sí ohun ńlá kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ tí inú rẹ̀ dùn ni, ìyẹn sì tó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Keats ṣe iṣẹ́ náà. Ó gé oríṣiríṣi bébà lẹ̀ mọ́ra. Ó gé rọ́bà tí a fi ń pa ìwé rẹ́, ó fi wọ́n tẹ àpẹẹrẹ òjò dídì. Ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ́n tàdáwà sórí bébà. Ní ọdún 1963, ìwé náà gba àmì ẹ̀yẹ Caldecott, èyí tí a ń fún ẹni tí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọdé ta yọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2020, ilé ìkàwé gbogbogbò ti New York kéde pé òun ni ìwé tí àwọn ènìyàn ti yá jù lọ láti ọdún 125 tí ilé ìkàwé náà ti wà.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ju àmì ẹ̀yẹ lọ. Olùkọ́ náà wí pé tẹ́lẹ̀ rí, bí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú kíláàsì òun bá fẹ́ ya ara wọn, kíréyọ́ọ̀nù tí ó jọ àwọ̀ òyìnbó ni wọ́n máa ń mú. Lẹ́yìn tí wọ́n rí ìwé yìí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú èyí tí ó jọ àwọ̀ ara tiwọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Kò di ìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún ọmọ pé kò dára tó kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́ àwọn àgbàlagbà tó láti kọ́ ọ. Àwòrán Ọlọ́run ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun níyì ti fi nǹkan dù ú, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ kúrò nínú èébú.

Nínú ìwé náà, Peter mọ òjò dídì ní bọ́ọ̀lù kan, ó fi í sínú àpò, kí ó lè rí i lò lọ́jọ́ kejì. Kí ó tó sùn, ó wo àpò náà, ó bá a ní òfìfo, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rere tí à ń dá dúró de ọ̀la.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé ìyìn a máa ba ọmọ jẹ́. Òótọ́ ni pé ìyìn èké a máa bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá ńlá wa kò bẹ̀rù láti yin ọmọ lójú rẹ̀. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà ní òwúrọ̀, oríkì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́, kí a tó rán an níṣẹ́. Àwọn kan náà ni wọ́n ń bá a wí bí ó bá ṣẹ̀. Àwọn ni wọ́n sì pa á lówe pé, yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Ìyá Ezra kò parọ́ fún un pé kò sí ayàwòrán bí tirẹ̀ láyé. Ó kàn ká aṣọ sókè ni, ó jẹ́ kí a rí iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dé ilé lẹ́yìn Mísà lónìí, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìwé àwọn ọmọ wa, kí a jókòó, kí a wò ó. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n. Bí ohun rere bá wà níbẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ọmọ náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ inú àpò yín ni yóò ti bá a lẹ́yìn ọ̀la.