Bí Ṣàngó Bá Jẹ́ Ọmọ Ilé-Ìwé

Ní ọdún 1963 ni Dúró Ládiípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Nínú eré náà, agbára Tìmì àti Gbọ̀nkáà, àwọn ológun Ṣàngó, ń kọ ọba lóminú. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà ó rán Gbọ̀nkáà lọ mú un wá. Akọni méjì sì dojú ìjà kọ ara wọn.

Bí a bá ṣí adé lórí Ṣàngó, tí a fi í ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé kan ní Iléṣà lóde òní, kí ni yóò kù? Kò ní sí ẹdùn àrá, kò ní sí iná lẹ́nu. Ìfòyà nìkan ni yóò kù, pé àwọn ọ̀rẹ́ méjì gbajúmọ̀ ju òun lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré lórí fóònù ti tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ṣàngó fúnra rẹ̀ kò ní na ẹnikẹ́ni.

Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? Àwọn kan yóò ní ọmọdé ni, pé àwọn tó jà ni kí a bá wí. Lóòótọ́, Gbọ̀nkáà ní ẹnu tí ì bá fi kọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ orí lè dín ìyà kù. Kò lè pa ẹ̀bi rẹ́.

Eré náà sì ti dá ẹjọ́ yìí: nígbà tí Gbọ̀nkáà ṣẹ́gun Tìmì tán, ọba ló kọjú sí.